Ìlù Tó Ń Fi Àyè Sílẹ̀: Ta Ni Ọ̀gá Onílù Nínú Orin Ìgbàlódé?

  Inú mi dùn pé Adégbayì n'Ìbàdàn yìí ni ẹ ti ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, ẹni tó bá gba títì Ifẹ̀ yìí kọjá kò lè ṣàì gbọ́ ìlù: gángan níbi ìkómọ, dúrọ́ọ̀mù nínú ilé ìjọsìn, fújì nínú mọ́tò akérò. Ìlú tó mọ ìlù ni mo wá bá sọ̀rọ̀ ìlù.

Àríyànjiyàn ló bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Nígbà tí àwọn tó pè mí wá bá mi nílé, ẹnu wọn kò kò. Ọ̀kan ní bí a bá ń sọ̀rọ̀ onílù nínú orin ìgbàlódé, Tony Allen ni, ó tán. Èkejì ní ìlù tí kò lè pe oríkì ẹni kì í ṣe ìlù, pé onígángan ni ká máa wá. Ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́ ni, ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá jù ni ọ̀gá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Èrò náà ni mo gbé wá yìí, mi ò sì ní fi pamọ́ di ìparí: lójú tèmi, ọ̀gá onílù ni ẹni tí ìlù rẹ̀ ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Tí ó bá lù ú, akọrin á rí ibi kọrin sí, oníjó á rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé, onílù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì rí ibi fi ọwọ́ tirẹ̀ hàn.

Àwọn òṣùwọ̀n tí kò wọ̀n ọ́n

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó àwọn òṣùwọ̀n tí a máa ń lò kiri kúrò nílẹ̀.

Èkíní ni ọwọ́ yíyá. Ọwọ́ yíyá dára, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá kò lè ṣiṣẹ́ yìí jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ló ń bọ̀ wá ya. Ẹni tó ń sáré lórí awọ láti àárọ̀ di alẹ́ dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í mí. A ó yìn ín fún okun rẹ̀. Ohun tó sọ ni a kò ní rí rántí.

Èkejì ni ìdílé. A mọ̀ pé Àyàn Àgalú ni baba ìlù, a sì mọ iyì ilé tí ọmọ ti ń gbọ́ ìlù kó tó mọ bàbá rẹ̀ lójú. Ilé yẹn ń kọ́ni ní ohun tí ilé ìwé kankan kò lè kọ́ni. Síbẹ̀, Tony Allen kì í ṣe ọmọ Àyàn. Bábátúndé Ọlátúnjí, tó gbé ìlù wa dé etí Amẹ́ríkà, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì ni, kì í ṣe ọmọ Àyàn. Obìnrin ni Ará, ọmọ Oǹdó, tó gbé gángan kọ́rùn nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé èèwọ̀ ni kí obìnrin máa lu ìlù, ó sì fi í ṣe iṣẹ́ jẹun lójú gbogbo ayé. Ìdílé ń ṣílẹ̀kùn fún ọmọ, àmọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà ni yóò fi wọlé.

Ẹ̀kẹta ni owó tí wọ́n ná sí onílù lórí. Èmi náà máa ń náwó fún onílù, mi ò sì ní dẹ́kun. Ṣùgbọ́n owó tí a ná níbi ìnáwó, orúkọ wa tí a gbọ́ la náwó fún. Ẹni tó bá mọ orúkọ olówó mẹ́wàá lè kówó lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ìlù rẹ̀ má sì lè mú ọmọdé jó.

Ẹni tí ó fi ìlù mẹ́rin sọ ọ̀rọ̀ kan

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Tony Allen. Ọládipọ̀ ni orúkọ rẹ̀ nílé. Èkó ni wọ́n ti bí i, ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 1940. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò. Ó ti tó ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ kọ́ dúrọ́ọ̀mù. Àwọn onílù jáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Art Blakey àti Max Roach, ló ń gbọ́ nínú àwo, ó sì tún tẹ́tí sí Guy Warren ará Gánà. Ó lu ìlù háíláìfù káàkiri Èkó kó tó pàdé Fẹlá olórin ní 1964. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ Koola Lobitos, wọ́n jọ rìnrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, wọ́n sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ tó di Africa 70 títí di òpin àwọn ọdún 1970.

Kí ló ṣe tí ẹlòmíràn kò ṣe? Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ gbé orin Zombie sí i. Ó lé ní ìṣẹ́jú 12. Ẹ má tẹ̀lé Fẹlá, ẹ má tẹ̀lé fèrè, ìlù nìkan ni kí ẹ gbọ́. Ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ̀ kò fìdí múlẹ̀ sí ibi tí ẹ ti ń retí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Á kù díẹ̀ kó dé, á ti dé. Ẹ ó ní ó ti kọjá, á tún padà. Abọ́ idẹ méjì tí ẹsẹ̀ òsì ń pa dé ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àgbà tó ń sọ̀rọ̀ sí etí ìyàwó rẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á là díẹ̀, á tún pa dé. Ọwọ́ òsì ń fọwọ́ kan awọ fẹ́lẹ́, débi pé bí ẹ kò bá tẹ́tí dáadáa, ẹ ó rò pé kò lu nǹkan kan. Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, kálukú ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ.

Ẹni tó bá ti gbọ́ dùndún rí yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, gúdúgúdú ní iṣẹ́ tirẹ̀, kẹríkẹrì ní tirẹ̀, ìṣaájú ní tirẹ̀, ìyáàlù wá ń sọ̀rọ̀ lórí wọn. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Tony Allen pín in fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìlù òyìnbó ló jókòó tì, ṣùgbọ́n ètò ilé wa ló tò sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí afrobíìtì fi rí bẹ́ẹ̀: fèrè rí àyè, gìtá rí àyè, Fẹlá rí àyè láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹni jókòó sílé rẹ̀, nítorí pé ẹni tó wà lẹ́yìn kò dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni.

Fẹlá máa ń la ohun tí olúkúlùkù yóò ṣe sílẹ̀ fún un, láti orí onífèrè dé orí onígìtá. Tony Allen sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun nìkan ni kì í la ti ìlù sílẹ̀ fún. Ẹ wo ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà nínú ìyẹn. Nígbà tó kúrò, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ lórí àwo wà lára ohun tó yà wọ́n. Ìtàn tí àwọn olórin sì ń sọ títí dòní ni pé ẹnì kan kò tó láti dí àlàfo rẹ̀, ó di kí ẹni mẹ́rin pín in ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bí onílù kan ti tó, ẹ wo ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀. Paris ló kú sí, ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 2020, ó kù díẹ̀ kó pé ẹni 80 ọdún, iṣẹ́ ìlù kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gángan tó kọjá òkun

Ẹni tó ní ìlù tí kò lè pe oríkì kì í ṣe ìlù ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, mi ò sì fẹ́ já ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù. Ẹ jẹ́ ká gba Ìbàràpá lọ. Ní Èrúwà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, ni wọ́n ti bí Sikiru Adepoju sí ilé onílù. Láti kékeré ló ti ń lu gángan. Ó bá ẹgbẹ́ Ebenezer Obey lù ú, lẹ́yìn náà, láàárín àwọn ọdún 1980, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó sì bá Bábátúndé Ọlátúnjí ṣiṣẹ́. Nígbà tí Mickey Hart, onílù ará Amẹ́ríkà, kó àwọn onílù jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ fún àwo Planet Drum ní 1991, Adepoju wà níbẹ̀. Àwo yẹn ló kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Grammy tí wọ́n dá sílẹ̀ fún orin àgbáyé. Ní 2009, wọ́n tún gba Grammy fún Global Drum Project, èyí tí ẹni mẹ́rin ṣe: Hart fúnra rẹ̀, Zakir Hussain ará Íńdíà, Giovanni Hidalgo ará Puerto Rico, àti ọmọ Èrúwà.

Ẹ ronú sí i. Gángan ń sọ èdè Yorùbá, nítorí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ̀rọ̀ ni ọsán rẹ̀ ń mú jáde bí a bá fún un tàbí bí a bá dẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó kù kò gbọ́ Yorùbá. Kí ni onígángan yóò ṣe láàárín irú wọn? Bí ó bá ń pe oríkì láìdákẹ́, òun nìkan ni yóò máa gbọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá sì gbàgbé èdè rẹ̀ pátápátá, ìlù rẹ̀ yóò di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tó bá gbọ́ àwo yẹn yóò gbọ́ bí ó ti ṣe é: á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́, á gbọ́ ohun tí ìlù tábílà ará Íńdíà fi dá a lóhùn, á sì tún sọ òmíràn. Àwọn baba wa ní òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀mọ̀ràn yóò mọ̀, ó yẹ ká fún un láyè kó mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí ti wáyé. Nígbà tí jùjú bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, ní àkókò Túndé King, kò sí gángan nínú rẹ̀. Ohùn, bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú tí a ń gbá ni wọ́n ń lò. Ìgbà tí ogun àgbáyé kejì parí ni gángan wọlé. Ohun tó sì jẹ́ kó rọrùn ni pé ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè ti ń tàn kálẹ̀ lákòókò yẹn. Kí ẹ̀rọ yẹn tó dé, bí gángan bá dún, ohùn akọrin àti gìtá yóò rì. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àyè náà ló tún padà sí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1982, tí King Sunny Adé gbé Juju Music jáde lọ́dọ̀ Island Records, gángan àti gìtá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn láìjà. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, onígángan bíi Rasaki Aladokun á sọ tirẹ̀, gìtá á gbà á, ohùn ọba orin á wọlé wẹ́rẹ́.

Fújì wá ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ọmọ Ìbàdàn yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní 1948. Inú orin wéré tí wọ́n fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú ààwẹ̀ ló ti mú fújì jáde. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí gìtá nínú fújì. Ìlù ló gbé e ró. Kọ́lińtọ̀n Àyìnlá sì ti bàtá bọ̀ ọ́. Níbi tí ìlù pọ̀ tó báyẹn, tí àkúbà, gángan, omele àti bàtá jọ ń dún, onílù tí kò bá mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ ń ba iṣẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́ ni.

Ohun tí mo fi ojú mi rí

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nítòsí ibí yìí, lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, níbi ìsìnkú àgbà kan. Onígángan méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń fò bí ẹyẹ, àwọn ènìyàn sì ń náwó fún un. Èkejì ti ń darúgbó, ó dúró sẹ́yìn, ó kàn ń ṣe elégbè fún ọ̀dọ́ náà ni. Bàbá yìí ti fi ìlù rẹ̀ sóòrùn láàárọ̀, mo rí i tó ń fi àtàǹpàkò te awọ rẹ̀ wò, tó ń fa ọsán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka owó.

Ìyá arúgbó kan dìde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ dáadáa. Ọ̀dọ́ náà sáré lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú kíkankíkan. Ìyá náà dúró, kò mọ ibi tí yóò gbà. Bàbá yẹn kò sọ̀rọ̀. Ó bọ́ síwájú, ó na ọwọ́ òsì sí ọ̀dọ́ náà pé kó rọra. Ó wá lu ìlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó wo orúnkún ìyá náà. Ó tún lù ú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí orúnkún yẹn tẹ̀, ìlù tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó fi gángan pe agbolé tí wọ́n bí ìyá náà sí, ó sì dákẹ́ kí ìyá náà lè gbọ́ ọ. Ìyá náà gbọ́. Ó gbé ọ̀pá fún ọmọ rẹ̀ mú, ó sì mi èjìká lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo àgọ́ pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá yẹn yí padà sí ọ̀dọ́ náà, tó mi orí sí i pé kó máa bá a lọ. Ọ̀dọ́ náà gbà á, ṣùgbọ́n kò lù ú bí ó ti ń lù ú tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé etí ni onílù fi ń lu ìlù, pé ọwọ́ kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí etí rán an ni. Bàbá yẹn kò gba owó tó ọ̀dọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìyá kan jó lọ́jọ́ yẹn tí kì bá ti jó.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé onílù tí ń dákẹ́ kì í ṣe onílù tí kò mọ̀ ọ́n lù ni? Rárá. Ẹni tí kò ní kò lè fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá lè lu ohun mẹ́wàá, tó wá yan méjì nítorí pé méjì yẹn ni orin ń fẹ́, òun ni mo ń sọ. Àwọn mẹ́jọ tí kò lù wà nínú ìlù rẹ̀, etí tó gbọ́n ń gbọ́ wọn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ẹ̀rọ ti ń lu ìlù báyìí. Nínú yàrá kékeré kan, ọmọkùnrin kan lè fi kọ̀ǹpútà to ìlù odidi àwo kan láàárín wákàtí kan. Mi ò bá ẹ̀rọ jà, orin àwọn ọmọ wa ti gba ẹ̀rọ dé gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í wo orúnkún ìyá arúgbó. Ẹ̀rọ kì í ṣì í lù, kì í sì í gbọ́ ẹni tó ń jó. Níbi tí ènìyàn bá ti jókòó síwájú ènìyàn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìkómọ, ní ìsìnkú, onílù tó ní etí ni a ó máa wá.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń fi ṣíbí lu tábìlì, ẹ má kọ́kọ́ pariwo lé e lórí. Bàbá I. K. Dairo, káfíńtà ni, òun ló kan ìlù fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 7. Ẹ sì mọ ibi tí ọmọ yẹn gbé jùjú dé. Ẹ̀yin olórí ìjọ, ọ̀dọ́ tó ń lu dúrọ́ọ̀mù fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nílò ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́, kì í ṣe àtẹ́wọ́ nìkan. Ẹ̀yin olórin, ẹ kọ orúkọ onílù yín sára àwo, ẹ sì san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó kọ́ orin wa ni a kò mọ orúkọ ẹni tó ni wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ Àyàn, ẹ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn pẹ̀lú ọmọ yín. Bábátúndé Ọlátúnjí kọ́ àlejò ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1960 tí àwo rẹ̀ Drums of Passion jáde, ìlù Yorùbá kò tíì kúrò létí wọn níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onílù, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Ẹ kọ́ Yorùbá dáadáa, kódà bí dúrọ́ọ̀mù òyìnbó ni ẹ ń lù. Ẹ kọ́ oríkì ilé yín. Ẹ kọ́ ọwọ́ yíyá pẹ̀lú, kí ẹ ní nǹkan tí ẹ ó fi sílẹ̀.

Ní ti àríyànjiyàn tó gbé wa dé ibí, ẹ ti ní kí n dá ẹjọ́, èmi yóò sì dá a. Láàárín àwọn tó lu ìlù nínú orin ìgbàlódé wa, Tony Allen ni mo mú ṣe ọ̀gá, nítorí pé ó jókòó sẹ́yìn Fẹlá fún nǹkan bí ọdún 15, tí kò sí ẹni tí ìlù rẹ̀ dí lọ́nà nínú ẹgbẹ́ yẹn, tí àyè tó fi sílẹ̀ sì di orin kan tí gbogbo ayé ń jó. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, mo bẹ̀ ẹ́, kó dúró lẹ́yìn ìpàdé yìí ká jọ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, bí ẹ bá gbọ́ gángan ní òpópónà Adégbayì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má gbọ́ ibi tí ó ti ń lù nìkan. Ẹ gbọ́ ibi tí ó ti dákẹ́, kí ẹ sì wo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbẹ̀.